Ta Ló Ń Lọ Sílé Ta? Bí A Ṣe Tún Ìwé Ìtàn Ọ̀rẹ́ Méjì Kan Ṣe ní Àbújá

Obìnrin tó kọ ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ìwé náà, kò burú. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin méjì inú ìtàn náà mo ti yí i padà, mo yí iṣẹ́ ìyá ọ̀kan nínú wọn padà pẹ̀lú, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé iwájú. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Títí àti Sìdí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá òǹkọ̀wé tún iṣẹ́ ṣe ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n tó o bá ń kọ tìẹ lọ́wọ́, jókòó, wàá rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ẹni tó kọ ìwé náà, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Àbújá níbí, ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Garki. Orí WhatsApp ló ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, Yorùbá láti òkè délẹ̀, kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí ẹ̀, ó ní fóònù lòun fi tẹ gbogbo ẹ̀, nínú ọkọ̀ àti lọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá ò bá sí. Ìtàn náà sì dùn, ìdajì ẹ̀ ló dùn.

Ìdajì àkọ́kọ́ nìyí. Ilé ìjọba kan wà ní Garki, bàbá Títí tó ní ipò díẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba ló ń gbé ilé ńlá. Bàbá Sìdí jẹ́ dírẹ́bà ní iléeṣẹ́ kan náà, bàbá Títí fún òun àti ìyàwó ẹ̀ ní BQ, ìyẹn ilé kékeré ọmọ-ọ̀dọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Sìdí ń ta mọ́ínmọ́ín eléwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹgbẹ́ làwọn ọmọ méjèèjì, LEA kan náà, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ni wọ́n lọ, Títí á sá wọ BQ lọ jẹ mọ́ínmọ́ín tó bá fọ́ tí wọn ò lè tà, Sìdí á gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wọ ilé ńlá lọ wo kàtúùnù. Wọ́n ń ta téńtén, wọ́n ń ṣépè fún mègáàdì ní Hausa tó sì ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń jí kósáì, ìyẹn àkàrà. Àwọn tí mo fún kà rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn pè mí lálẹ́ láti ka ojú ìwé kan fún mi padà.

Bí orí kẹsàn-án ṣe parí ní 2006 báyìí, orí kẹwàá ṣí pẹ̀lú "Ọdún mẹ́rin kọjá." Wọ́n ti wà ní SS3, ọmọkùnrin kan yọjú, àwọn méjèèjì fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n jà, ọ̀rẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn a bọ́ sí 2014, bọ́ǹbù tó bú ní Nyanya létí Àbújá, wọ́n tún rí ara wọn ní họsibítù, ẹkún, ìdìmọ́ra, ìgbéyàwó, ó parí. Gbogbo ẹni tó ka apá yìí ló sọ nǹkan kan náà lóríṣìíríṣìí ẹnu, pé àwọn kàn ń kà á lọ ni nítorí pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn la kọ́kọ́ fojú sí. Òǹkọ̀wé gbà pé òun ò kọ ọ́ dáadáa, pé tó bá lẹ́ran lára ìjà náà á lágbára. A fún un ní ilé, a fún un ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀, a fún un ní ìdí tó fi ń bá àwọn méjèèjì ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà. Orí yẹn dára sí i lóòótọ́, ó dára gan-an, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún un kà, ìbéèrè tó jáde ni pé "nítorí eléyìí nìkan?" Mo sì rò pé wọ́n jàre. Àwọn ọmọ tó ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà láti kékeré, tí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìtàn lánàá bá lè tú wọn ká, á jẹ́ pé ọ̀rẹ́ náà ti tú tipẹ́ kó tó dé. Òǹkàwé mọ̀ ọ́n lára kódà bí kò bá lè sọ ọ́ lẹ́nu, ó ń wá ibi tó ti tú, kò sì rí i nínú ìwé, ọdún mẹ́rin tó fò ló fi pa mọ́.

Ẹnìkan nínú àwọn tó kà á, Èkó ló ń gbé, ní ká jẹ́ kí ẹ̀sìn dá ìjà sílẹ̀, pé òkè Ọya ṣáà ni, ọ̀kan Kìrìsìtẹ́nì, ọ̀kan Mùsùlùmí. Mo ní rárá. Nínú ìwé yẹn gan-an bàbá Títí ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ Alhájì, wọ́n ń jẹ ẹran iléyá lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń gbé ráìsì Kérésìmesì fún wọn. Ìdílé Yorùbá tó nírú èyí pọ̀. Kéèyàn wá gbé ìjà ẹ̀sìn lé àwọn ọmọ méjì yìí lórí nítorí pé Àbújá ni wọ́n wà, ìmẹ́lẹ́ ni.

Nǹkan kejì tá a gbìyànjú ni ojú tí a fi ń wo ìtàn. Gbogbo ìwé náà ojú Títí la fi ń wò ó. Mo ní kó kọ orí kan lára wọn láti ẹnu Sìdí, ká rí ohun tó máa jáde. Ó kọ ọ́ kíá, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ fu mí lára, nítorí pé ẹni tó bá ń kọ ohun tí kò mọ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ Sìdí, ó ń yin Títí. Ó ń yin ilé Títí, ó ń yin tẹlifíṣọ̀n ilé Títí, kò bínú, kò jowú, ebi ò pa á, Títí ló wọ aṣọ Sìdí tó ń bá wa sọ̀rọ̀. A ò lò ó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó so rírà ilé mọ́ kíkó lọ, èyí tí ìwé ò ṣe tẹ́lẹ̀: "Nígbà tí Dádì Títí ra ilé, a kó lọ sí Mararaba." Mo fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n kó lọ? Ó ní, "Àǹtí, wọ́n kàn kó lọ ni."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí nítorí àwọn tí ò sí ní Àbújá nígbà yẹn. Ní 2003 ìjọba Ọbásanjọ́ ní òun ò ní máa fún òṣìṣẹ́ ní ilé àti mọ́tò mọ́, owó lòun á sọ ọ́ dà kún owó oṣù wọn. Nígbà tó di 2005 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ìjọba tó wà nínú ìlú, ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wá owó ẹ̀ jáde. El-Rufai ni mínísítà Àbújá láti 2003 dé 2007, àsìkò yẹn kan náà ni kàtàpílà ń wó ilé kiri, wọ́n ní kí ìlú padà sí bí wọ́n ṣe yà á sórí pépà. Báwọn kan ṣe ń di onílé ní Garki ni àwọn mìíràn ń di ẹrù sórí ọkọ̀ lọ sí Nyanya, lọ sí Mararaba, lọ sí Masaka. Mararaba ò tiẹ̀ sí lábẹ́ Àbújá, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú ti ń wá láràárọ̀.

Nítorí náà, ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó yáwó ra ilé ní 2005, tó ní BQ lẹ́yìnkùlé tí dírẹ́bà ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn ò nílò babaláwo láti mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ó máa fẹ́ kí BQ yẹn máa mú owó wọlé. Kò sí ẹni burúkú nínú ẹ̀. Òǹkọ̀wé wa mọ gbogbo èyí, inú ilé yẹn ló kúkú dàgbà sí, ó kàn kọjá lórí ẹ̀ ni.

Ẹni tó ṣí wa lójú gan-an kì í ṣe èmi. Ìyá onídìrí kan wà ní Mararaba tí mo mọ̀, ó fẹ́ràn ìwé Yorùbá, ó máa ń kà á sókè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ nígbà tí iná ò bá sí. Mo tẹ orí kẹsàn-án dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún jáde fún un. Nígbà tó dá a padà, kò sọ pé ó dùn tàbí kò dùn, ohun tó bi mí ni pé "Títí yìí, kò wá kí wọn ní Mararaba ni?" Mo ní ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mú pépà, mo fa ìlà sí i. Ní ọwọ́ òsì, nọ́mbà orí ìwé. Lẹ́yìn náà: ta ló lọ sílé ta, ta ló sanwó ọkọ̀, ta ló gbé nǹkan dání, ta ló kọ́kọ́ pe ẹnìkejì lórí fóònù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀, tí mo bá ti rí ibi tí wọ́n ti pàdé, mo kọ ọ́. Láti orí kìíní dé ìkẹsàn-án, lílọ bíbọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, Títí ń wọ BQ, Sìdí ń wọ kíṣìnnì. Láti orí kẹwàá lọ, Sìdí ló ń wá. Sìdí ló wá ṣe kérésì pẹ̀lú wọn, Sìdí ló wá wo èsì ìdánwò, Sìdí ló wá jà gan-an, ó wọkọ̀ láti Mararaba wá sí Garki láti wá bá Títí jà. Ẹsẹ̀ Títí ò tẹ Mararaba títí ìwé fi parí.

Mo ya pépà yẹn ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i, mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Ó ti rí i, WhatsApp fi hàn pé ó ti rí i, kò dáhùn. Nígbà tó máa pè, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Àǹtí, èmi gan-an ò dé ibẹ̀ rí. Mo máa ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá tá a bá ń lọ sí Keffi, mi ò sọ̀ kalẹ̀ rí." Nígbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Sìdí wà láàyè, pé ọ̀rẹ́ òun ni lóòótọ́, pé òun ò tíì rí i sójú láti ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ìwé náà ti yí padà nìyẹn. Ó ní òun á wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní má wa mọ́tò, má sì lọ lọ́jọ́ Sátidé, lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ayé ń lọ sílé, kó o wọ ọkọ̀ akérò bí Sìdí ṣe máa wọ̀ ọ́. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ ní Area 1, wọ́n kọjá AYA, wọ́n dé Kugbo, wọ́n dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ojú ọ̀nà yẹn, ẹ mọ bí gósílóò Nyanya ṣe rí. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Mararaba, ó bá àwọn mèrúwà, àwọn tó ń ta omi, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ kẹ́ẹ̀gì lọ, ó rìn wọ inú àdúgbò, ó tún wá yí padà láti máa bọ̀. Ó pè mí lóru ọjọ́ náà, kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọnà tàbí ẹ̀dá ìtàn, ó ní, "Àǹtí, ọmọ ọdún méjìlá ló ń ṣe èyí. Láti wá wo kàtúùnù."

Ó wá jókòó kọ ọdún mẹ́rin tó ti fò kọjá. Àwọn orí wọ̀nyẹn ló dára jù nínú ìwé náà ní tèmi, mo sì lè sọ ìdí ẹ̀: kò sí ìjà kankan nínú wọn. Sìdí ń bọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, ìyá ẹ̀ ń di mọ́ínmọ́ín fún un kó gbé e fún Mọ́mì Títí, ó ń bọ́ sílẹ̀ ní ojú títì, ó ń gun ọ̀kadà dé ẹnu géètì. Nígbà tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò nínú ìlú ní 2006, ó di pé ó ń fẹsẹ̀ rìn ín. Òǹkọ̀wé fi kún un pé ó ra omi nylon lọ́nà, kì í mu ún tán, ó ń fi ìyókù fọ eruku ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó kan géètì. Mi ò mọ ibi tó ti rí ìyẹn, mi ò bi í. Àwọn tó yá BQ ti ń sá aṣọ sórí okùn tí ìyá Sìdí so, Sìdí ò wá gba ẹ̀yìn mọ́, iwájú ilé ló ń gbà, ó ń tẹ béèlì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tẹ béèlì yẹn, Mọ́mì Títí ní kí Títí lọ wò ó, àlejò dé.

Fóònù náà wọ inú ìtàn. Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, kí Glo tó kó ìdíyelé sẹ́kọ́ńdì-sẹ́kọ́ńdì dé ní 2003, ìpè kan lè jẹ owó oúnjẹ ọmọ. Owó ìpè ti wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí Sìdí wà ní Mararaba, ṣùgbọ́n tálákà ṣì ń fláàṣì ni, á pè kó dún, á sì gé e kí wọ́n tó gbé e. Sìdí ń fi fóònù bàbá ẹ̀ fláàṣì Mọ́mì Títí, ẹ̀ẹ̀mejì tó bá jẹ́ pé ó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan tí kò bá lè wá. Mọ́mì Títí tí kò mọ àdéhùn yìí ń kùn pé ta ló ń fláàṣì òun lálaalẹ́. Títí mọ̀, kò sọ. Ẹ kíyè sí i, kò sọ, torí ibẹ̀ la ti rí nǹkan tó ṣe pàtàkì jù.

Nínú ìwé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Títí jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ọkọ̀ ẹrù nínú kọ́ńpáǹdì, ó bú sẹ́kún. Ó pani lẹ́kún, kò sí àní-àní. Mo wá bi òǹkọ̀wé pé ìgbà wo ni Títí mọ̀ pé wọ́n máa kó lọ? Ó ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Mo ní ọmọ tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó lé wọn? Ó bínú. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ ọmọdé di ẹni burúkú ni. A ò jà, àmọ́ ó tutù sí mi fún ìgbà díẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀, nítorí pé bó bá jẹ́ pé èmi ni mo bá a kọ ibẹ̀ kò ní wúlò fún un.

Ìran tó wá fi ránṣẹ́ kò ju ojú ìwé méjì lọ. Títí wà ní pálọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó sùn lórí àga, ó gbọ́ tí Dádì ń sọ fún Mọ́mì pé tó bá di oṣù kẹfà kí àwọn èèyàn ẹ̀yìn yẹn wá ibòmíì. Oṣù kẹrin la wà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, òun àti Sìdí ló máa jó níwájú gbogbo iléèwé, àwọn méjì péré, wọ́n ti ń fi ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ. Títí rò ó pé tóun bá sọ, Sìdí á máa sunkún, kò ní lè jó. Ó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Wọ́n jó, wọ́n gba àtẹ́wọ́, ó ṣì pa ẹnu ẹ̀ mọ́ nítorí pé ó ti pẹ́ jù láti sọ. Ìgbà tí mo ka ibẹ̀ tán, mo mọ̀ pé a ti níwèé.

Ó tún fẹ́ kí Sìdí ṣàwárí ẹ̀ kó sì pariwo. A sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ibi tá a gbé e sí ni ìjà ọmọkùnrin yẹn. A dín ọmọkùnrin náà kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, wọ́n ń jà nítorí ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń bú ara wọn bí àwọn ọmọ SS3 ṣe ń bú ara wọn, lójijì Sìdí ní, "O mọ̀. Gbogbo bá a ṣe ń jó yẹn, o ti mọ̀." Ọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tó bi wá mọ́ pé "nítorí eléyìí nìkan."

Ti bọ́ǹbù. Ní 14 oṣù kẹrin 2014, láàárọ̀ kùtùkùtù, bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya, ó lé ní 70 èèyàn tó kú, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá kọ ìtàn àwọn tó ń wọlé láti Mararaba ní àsìkò yẹn kò lè ṣe bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó fi òkú àwọn èèyàn yẹn ṣe afárá tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì máa gbà padà sọ́dọ̀ ara wọn. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó gbà lójú ẹsẹ̀, ó ní òun náà ti ń rò ó. Ó yọ họsibítù kúrò pátápátá. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé Títí wà ní yunifásítì, ìròyìn dé, ó mú fóònù, ó pe nọ́mbà bàbá Sìdí tó mọ̀ lórí láti ìgbà fláàṣì, ọkùnrin kan gbé e ní Hausa, kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Títí ò ní nọ́mbà mìíràn. Ó wá ń jókòó ti rédíò bíi ti gbogbo èèyàn.

Ìparí ló fa àríyànjiyàn tó kù. Ó ti ní ìgbéyàwó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ijó, ìdìmọ́ra. A pa ìgbéyàwó mọ́, nítorí pé ẹni tó ń ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ ronú nípa ta lòun máa fún láṣọ ẹbí. Títí wá Sìdí rí lórí Facebook, ó fi aṣọ ránṣẹ́ sí i, ọ̀fẹ́, pẹ̀lú gèlè, ó ní kó má ṣe ìyọnu owó rárá. Sìdí ní ẹ ṣé, aṣọ ti dé, ẹ fi nọ́mbà àkáǹtì ránṣẹ́. Títí ní rárá o. Sìdí gba nọ́mbà àkáǹtì lọ́wọ́ ọmọ ìyá Títí tó ń kó owó aṣọ jọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì, àláàtì wọlé, iye tí gbogbo ayé san ni Sìdí san, kò dín kọ́bọ̀. Èmi fẹ́ kó dúró síbẹ̀. Òun ní àwọn òǹkàwé Yorùbá ò ní gbà fún òun, pé wọ́n máa fẹ́ mọ̀ bóyá Sìdí wá, ó wá kọ ọjọ́ ìgbéyàwó sí i: Sìdí wá, ó wọ aṣọ náà, ó jókòó ní tábìlì àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, ó ná owó fún ìyàwó, ó lọ kí ilẹ̀ tó ṣú nítorí ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo ṣì rò pé àláàtì yẹn ti tó. Ìwé ẹ̀ ni ṣá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ náà gba wàhálà díẹ̀. Ó ti jẹ́ kí ọmọ Garki máa sọ "ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ṣé àlàáfíà lo jí" sí ara wọn. Mo ní kó rántí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an, wàláì ló máa ń tẹ̀lé gbogbo irọ́ tí wọ́n bá pa, Hausa fún mègáàdì, Yorùbá fún òbí, gẹ̀ẹ́sì tíṣà tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún un ṣe, kò pẹ́. Àmì ohùn ló pẹ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ara yín: lẹ́tà tí wọ́n fàmì ohùn sí lórí tó tún ní àmì nísàlẹ̀ ló máa ń di àpótí kéékèèké lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ fi PDF tí fọ́ǹtì wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má fún wọn ní Word.

Ọ̀rọ̀ ti Sìdí gidi. Òǹkọ̀wé fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kóun fi ìwé náà hàn án. Mo ní kó kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí ará àdúgbò lè fi dá a mọ̀, iṣẹ́ ìyá ẹ̀, ìlú bàbá ẹ̀, orúkọ iléèwé, ká tó sọ ti pé kó fi hàn án. Ó yọ wọ́n. Bóyá ó ti fi hàn án báyìí, ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì, mi ò bi í, bí ẹ bá sì ní irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, mo rò pé kí ẹ̀yin náà má bi í. Tiwa ni pé ẹni tí kò bèèrè láti wọ ìwé kò gbọ́dọ̀ jìyà nínú ẹ̀.

Látìgbà yẹn, tí ìwé ọ̀rẹ́ méjì bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, ibi tí "ọdún kọjá" bá wà ni mo kọ́kọ́ ń lọ, mo máa ń ní kí òǹkọ̀wé kọ ojú ìwé méjì péré sí àárín ẹ̀ fún mi, kódà bí a ò bá ní lò ó. Pépà onílà yẹn náà mo máa ń ṣe é, ó yá, kò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n kì í bá gbogbo ìwé mu. Ẹnìkan mú ìtàn iléèwé bọ́díńgì wá fún mi láìpẹ́ yìí, ilé gbígbé kan náà ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wà láti JSS1, kò sí ẹni tó ń lọ sílé ẹnikẹ́ni. Mo yí àwọn ìlà náà padà: ta ló ń pọn omi fún ta, ta ló ń yá gàrí ta, ta ló ń dúró de ta kí wọ́n tó jọ lọ jẹun, ta ló ń sọ àṣírí tí ta ò sì ń sọ tiẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dé ibì kan, títí a fi dé họ́lídè, níbi tí ọ̀kan ti ń wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Gusau tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé èkejì lọ sí Maitama, àdúgbò olówó ní Àbújá, òǹkọ̀wé ẹ̀ sì ti fo gbogbo họ́lídè náà. Mo ti dá a padà fún un kó lọ kọ wọ́n.